Sẹ́nétọ̀ Sùn, Ọmọ Ọlọ́mọ Wà Nínú Omi

Bí ẹ bá dárúkọ Chappaquiddick létí àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà kan, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí ni ọkùnrin tó níyàwó nílé ń wá pẹ̀lú ọmọge nínú ọkọ̀ lóru. Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà ti bi í, mo sì ti pòṣé lé e lórí dáadáa. Àmọ́ ohun tó ń ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ Edward Kennedy, tí gbogbo ayé ń pè ní Ted, kì í ṣe ẹni tó gbé sínú ọkọ̀. Ẹni tó fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Ó fi í sílẹ̀ nínú omi, ó rìn lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò, ó pààrọ̀ aṣọ, ilẹ̀ mọ́, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ìdíje ọkọ̀ ojú omi, kó tó wá rántí pé ọlọ́pàá wà láyé. Bíi wákàtí mẹ́wàá ló wà láàárín. Wákàtí mẹ́wàá, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já sí kànga kì í dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó figbe ta.

Ẹ mọ ìdílé náà. Wọ́n yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John lórí oyè ààrẹ ní 1963. Robert tó tẹ̀ lé e ń du ipò ààrẹ lọ́wọ́ ní 1968, wọ́n yìnbọn pa òun náà. Àkọ́bí wọn ti bá ogun lọ ní 1944. Ted nìkan ló kù lọ́kùnrin, ọmọ ọdún 37, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Massachusetts, gbogbo ẹgbẹ́ Democrat sì ti ń fojú ààrẹ ọ̀la wò ó. Àwa níbí gan-an kò ṣàìmọ orúkọ rẹ̀. Nígbà ogun Biafra, òun ni alága ìgbìmọ̀ sẹ́nétì wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ó sì ń pariwo kíkan-kíkan pé kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ tí ebi fẹ́ pa. Ojú àánú rẹ̀ ríran dé òdìkejì òkun nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 18 oṣù Keje, 1969. Chappaquiddick jẹ́ erékùṣù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Edgartown, ní erékùṣù Martha's Vineyard, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín, ọkọ̀ pàǹtóònù sì ni èèyàn fi ń kọjá. Ted àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ilé kékeré kan níbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àríyá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin mẹ́fà tó ṣiṣẹ́ fún Robert nígbà ìpolongo rẹ̀. Ọpẹ́ dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka orí: ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin mẹ́fà. Márùn-ún nínú ọkùnrin ló níyàwó, ìyàwó kan ṣoṣo kò sì sí níbẹ̀. Nínú àwọn obìnrin, kò sí èyí tó wà nílé ọkọ. Joan, ìyàwó Ted, wà nílé pẹ̀lú oyún nínú, oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ rí, ó ń ṣọ́ra. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo pín ìwé ìpè.

Ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́fà náà ni Mary Jo Kopechne. Ọmọ ọdún 28, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá àti bàbá rẹ̀ bí, Kátólíìkì láti Pennsylvania. Ó ti ṣe olùkọ́ ní Montgomery, ní Alabama, kó tó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ òṣèlú ní Washington. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bú, àwọn aláheso fi ẹnu wọn fọ ọmọ náà bí aṣọ ìdọ̀tí. Ẹni tó kú kò lè fèsì, ìyẹn ni wọ́n rí. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ sí i.

Ọ̀rọ̀ mi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Sẹ́nétọ̀ ní dẹ́rẹ́bà. Mo ní ó ní dẹ́rẹ́bà! Dẹ́rẹ́bà náà wà ní ibi àríyá lálẹ́ ọjọ́ náà, tójútójú. Kennedy gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ padà sí Edgartown lọ sùn, Mary Jo náà sì fẹ́ bá òun lọ. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Mary Jo kò dágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan. Ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tí í fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sílẹ̀?

Ọ̀nà tó lọ síbi pàǹtóònù jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, ó sì yà sí òsì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí etíkun ni yóò fi ọ̀dà sílẹ̀, kó yà sí ọ̀tún sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Kennedy ní òun ṣèèṣì yà ni. Ó lè ṣeé ṣe, òkùnkùn kì í mọ ọlọ́lá. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e gba ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan náà lọ sí etíkun, lọ àti bọ̀, tó lọ wẹ̀ lókun. Òpin ọ̀nà náà ni afárá onígi wà, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ìgbọ́wọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ Oldsmobile dúdú náà fò kúrò lórí afárá, ó já sínú omi Poucha, ó dojú dé, táyà wà lókè, òrùlé wà nísàlẹ̀.

Ọlọ́pàá kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru ọjọ́ náà tún sọ ohun tó ba ìtàn aago mọ́kànlá jẹ́. Ó ní ní nǹkan bí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, òun rí ọkọ̀ dúdú kan ní oríta ibẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin wà níwájú rẹ̀. Bí òun ṣe ń sún mọ́ wọn láti bi wọ́n bóyá wọ́n ṣìnà, ọkọ̀ náà fẹ̀yìn rìn, ó sì kó sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Ó rántí pé lẹ́tà L ló ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, àti pé 7 wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà ọkọ̀ Kennedy rí. Aago méjìlá òru sì ni pàǹtóònù máa ń ṣíwọ́. Ẹ bá mi ṣírò ibi tí wọ́n ń lọ.

Kennedy bọ́ nínú ọkọ̀ náà. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe bọ́. Ó ní òun rì wọ inú omi padà nígbà méje tàbí mẹ́jọ láti wá Mary Jo, omi náà le, kò ṣeé ṣe. Títí dé ibí yìí, mo lè bá a kẹ́dùn. Jàǹbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ jù lọ lè ṣìnà lóru. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, tó gbá ilẹ̀kùn, tó ké pé ẹ gbà mí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ lónìí.

Ilé ń bẹ o. Ilé kan wà tí kò jìnnà sí afárá náà tó ibi tí a ti ń jókòó wo bọ́ọ̀lù sí igi góòlù òdìkejì, ìyá tó ń gbé ibẹ̀ sì sọ pé iná ń tàn nínú ilé òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọjá rẹ̀. Ó kọjá àwọn ilé mìíràn. Ó kọjá ilé panápaná tí wọ́n gbé aago ìdágìrì sí, èyí tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kí gbogbo erékùṣù jí. Ó rìn padà sí ibi àríyá, kò wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan níta, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ ìyekan òun, Joseph Gargan, àti ọ̀rẹ́ òun, Paul Markham.

Ibí ni orí mi ti gbóná. Gargan, lọ́yà ni. Markham, lọ́yà ni, kódà òun ni olórí agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Massachusetts rí, ẹni tó ti ń rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí etí omi. Àwọn méjèèjì bọ́ra, wọ́n rì wọ inú omi, ọ̀kan fara pa, wọn kò rí i gbé jáde. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé Kennedy lọ sí ibùdó pàǹtóònù. Tẹlifóònù wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ lọ fẹjọ́ sun. Ó dá wọn lóhùn pé òun yóò mójú tó o, ó sì bẹ́ sínú odò, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí Edgartown tòun taṣọ lọ́rùn. Àwọn lọ́yà méjì náà wá ń kọ́? Wọ́n padà sí ilé àríyá, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò sọ nǹkan kan fún àwọn obìnrin márùn-ún tó kù pé ẹnì kejì wọn wà lábẹ́ omi. Àwọn ọmọ yẹn sùn mọ́jú lórí irọ́. Òfin kò sì fi ọwọ́ kan lọ́yà kankan nínú wọn, nítorí ẹni tó wa ọkọ̀ ni òfin dè mọ́ ibi jàǹbá, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti òtẹ́ẹ̀lì tí sẹ́nétọ̀ dé sí ní Edgartown. Láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru, sẹ́nétọ̀ jáde sí gbàgede pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lára, ó rí òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó ní ariwo àríyá ló jí òun, ó béèrè pé aago mélòó ló lù. Ariwo jí i! Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, àmọ́ mo bí ọmọ, mo mọ irú ìbéèrè tí èèyàn ń bi kí wọ́n lè rántí lọ́la pé àwọn rí òun níbẹ̀. Nígbà tó di aago méje àbọ̀ àárọ̀, ó ń bá ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ tó ṣáájú tàkúrọ̀sọ níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀.

Gargan àti Markham dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Wọ́n bi í pé àwọn ọlọ́pàá ńkọ́. Kò tíì sọ fún wọn. Ojú wọn pọ́n, ohùn lọ sókè. Ẹ̀yin ará, dípò kí wọ́n dorí kọ tẹ́ṣàn tó wà nítòsí, wọ́n wọ pàǹtóònù padà sí Chappaquiddick, kí Kennedy lè lo tẹlifóònù ibẹ̀ láti pe àwọn ọ̀rẹ́ fún ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn lórí kí ni?

Ní àkókò yẹn, àwọn apẹja méjì ti rí táyà ọkọ̀ nínú omi. Ọ̀gá ọlọ́pàá Edgartown, Dominick Arena, sáré débẹ̀, ó yá ṣòkòtò ìwẹ̀ wọ̀, ó gbìyànjú títí, ìṣàn omi kò gbà fún un. Ó ránṣẹ́ pe John Farrar, omùwẹ̀ ẹ̀ka panápaná ìlú náà. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Farrar lò lábẹ́ omi tó fi gbé òkú Mary Jo jáde. Ọ̀rọ̀ tí Farrar wá sọ lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí n lè mi ìtọ́: ó ní bí ọmọ náà ṣe gbé orí sókè síbi tí afẹ́fẹ́ lè kù sí nínú ọkọ̀ fi hàn pé kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ti pe òun lóru, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òun ìbá fi gbé e jáde. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní omi ló pa á. Wọn kò la òkú náà láti wádìí, wọ́n gbé e wọ bàálù lọ sílé. Nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba wá fẹ́ hú u jáde fún àyẹ̀wò, ilé ẹjọ́ Pennsylvania kọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Farrar dúró bí èrò ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí já a ní koro tàbí fi ẹ̀rí gbè é.

Nígbà tí Arena fi máa pe tẹ́ṣàn láti sọ pé òun fẹ́ bá Kennedy sọ̀rọ̀, wọ́n ní Kennedy ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sí ọ́fíìsì Arena fúnra rẹ̀, ó ń lo tẹlifóònù. Ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé pẹ̀lú omi lára, sẹ́nétọ̀ gbẹ táútáú. Markham ló bá a kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Nínú ìwé náà, Kennedy sọ pé òun ló wa ọkọ̀, pé orí òun dàrú, pé ìgbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ yé òun láàárọ̀ ni òun wá bá ọlọ́pàá. Kò sí Gargan níbẹ̀, kò sí Markham níbẹ̀ tó rì wọ omi, kò sí àríyá. Ibi tí orúkọ ìdílé Mary Jo yẹ kó wà, wọ́n fi àyè sílẹ̀, nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ó dáa. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn án? Kì í ṣe pé ó pa èèyàn. Kì í ṣe pé ó mutí wakọ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni: pé ó fi ibi jàǹbá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fara pa. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ bí òfin yìí ṣe rí, wọ́n rò pé àfikún ẹ̀sùn lásán ni. Rárá o. Òfin náà kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi ìkọlù rárá. Ẹlòmíràn lè jẹ̀bi, ewúrẹ́ lè já wọ títì, ojú ọ̀nà lè bà jẹ́. Ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kò pọ̀: dúró, sọ orúkọ rẹ, ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́, jẹ́ kí ìjọba mọ̀. Ẹni tó bá lọ, lílọ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Nítorí ẹni tó bá sá lọ, ẹ̀rí ló gbé sá. Ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de àárọ̀. Kennedy ní ife ọtí méjì péré ni òun mu láàárín àríyá náà. Bóyá méjì ni. Bóyá mẹ́fà ni. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni wọ́n sì fẹ́ bá? Òru ọjọ́ kan ṣoṣo ti fọ ọ́ mọ́ ju ọṣẹ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ níbí. Wọ́n á ní ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ìbẹ̀rù ni. Lọ́dọ̀ wa, awakọ̀ tó bá gbá èèyàn máa ń sá nítorí ó mọ̀ pé bí èrò bá pé lé òun lórí, wọ́n lè lu òun pa, kí wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ òun. Mo gbà. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, tó wakọ̀ tààrà lọ sí tẹ́ṣàn tó sún mọ́ ọn, mi ò lè pè é ní ìsáǹsá. Ṣùgbọ́n èrò wo ló wà lórí afárá onígi náà lóru? Ta ló gbé táyà àti epo dání? Òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti ẹni tó ń retí rẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀. Ipò ààrẹ ni. Gargan sọ fún òǹkọ̀wé kan lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé Kennedy tiẹ̀ dá a lábàá lóru ọjọ́ náà pé kí wọ́n sọ pé Mary Jo nìkan ló wa ọkọ̀. Ẹnu Gargan ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Harvard lé ọkùnrin yìí jáde ní 1951 nítorí ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun jókòó ṣe ìdánwò èdè Spanish. Kí ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ̀, kò ṣàjèjì sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn jàǹbá náà, ọjọ́ 25 oṣù Keje, ó dúró níwájú Adájọ́ James Boyle ní Edgartown, ó ní òun jẹ̀bi. Ìjókòó náà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, oṣù méjì náà ni adájọ́ dá fún un, ó sì ní kó má ṣe é, kí ìdájọ́ náà wà lórí ìwé bẹ́ẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ kò janpata. Òun náà tọ́ka sí ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ rere rẹ̀. Adájọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá tí kò lábàwọ́n, ó tún ní ìyà tó ti jẹ ẹ́, àti èyí tó ṣì máa jẹ ẹ́, ju èyí tí ilé ẹjọ́ òun lè fi jẹ ẹ́ lọ. Kò lábàwọ́n kẹ̀! Nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Virginia, wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìwàkuwà ọkọ̀ kàn án, orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ni Cadillac Eddie. Ọjọ́ kejì ìdájọ́ náà ni Mary Jo ìbá pé ọmọ ọdún 29.

Alẹ́ ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni Kennedy jáde lórí tẹlifíṣàn. Àwọn ọlọ́gbọ́n tó ti bá John ṣiṣẹ́, àwọn bíi Ted Sorensen, ti péjọ sílé ìdílé wọn láti bá a to ọ̀rọ̀. Ó ní kò sí àwíjàre kankan fún bí òun kò ṣe sọ fún ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò mutí yó, pé kò sí ìṣekúṣe láàárín àwọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní ó ń ṣe òun bíi pé ègún kan wà lórí ìdílé àwọn. Ègún! Ó parí rẹ̀ nípa bíbi àwọn ará Massachusetts bóyá kí òun fi ipò sílẹ̀. Lẹ́tà àti ìpè rọ́ dé bí òjò pé kó dúró. Joan ti bá a lọ síbi ìsìnkú pẹ̀lú oyún yẹn, òun àti ọkọ rẹ̀ tó fi ohun tí wọ́n fi ń gbé ọrùn ró sọ́rùn, gbogbo kámẹ́rà ayé ló wò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí oyún náà bà jẹ́. Kò sí adájọ́ tó pe ìyẹn ní nǹkan kan.

Ní oṣù Kìíní 1970 wọ́n ṣe ìwádìí ikú náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Adájọ́ Boyle kan náà ló jókòó lé e. Ẹ wá wo ohun tó kọ: ó ní òun gbà pé Kennedy àti Mary Jo kò ní i lọ́kàn láti padà sí Edgartown lóru yẹn, pé Kennedy mọ̀-ọ́n-mọ̀ yà sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni, pé ó ṣeé ṣe kí ìwakọ̀ àìbìkítà rẹ̀ wà nínú ohun tó fa ikú rẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, sẹ́nétọ̀ kò sọ òtítọ́. Kò sì ní kí wọ́n mú un. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó lè dá ẹ̀sùn sílẹ̀ jókòó ní oṣù Kẹrin, wọn kò fún wọn ní ìwé ìwádìí náà kà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n pe àwọn tó ti jẹ́rìí níbẹ̀. Wọ́n túká ní ọwọ́ òfìfo.

Ẹ jẹ́ kí n fi bíṣọ́ọ̀bù kan sí i, kí ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ òfin yìí ṣe yí. Heather Cook, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal ní Maryland. Wọ́n ti mú un nítorí ọtí lórí ọkọ̀ ní 2010, síbẹ̀ wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 2014, Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ó ń wakọ̀ ní Baltimore, ọtí kún inú rẹ̀, ó ń tẹ fóònù lọ́wọ́, ó gbá bàbá ọlọ́mọ méjì kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó wakọ̀ lọ. Bíṣọ́ọ̀bù wakọ̀ lọ! Àmọ́ ó padà wá ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin gbà. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni wọ́n ní kó lọ ṣe ní 2015, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti fífi ibi jàǹbá sílẹ̀ nìkan. Ó jáde ní 2019.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó padà wá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́rìí sí i, ó wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó lo wákàtí mẹ́wàá, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́rìí, ó sùn sílé. Àlàfo tó wà nínú òfin nìyẹn: bí ìyà lílọ bá fúyẹ́ ju ìyà ohun tí èèyàn ń sá fún lọ, ọlọ́gbọ́n ọ̀mùtí yóò lọ, lọ́yà rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé kò ṣe wèrè. Massachusetts ti wá ṣí ojú. Lóde òní, awakọ̀ tó bá fi ibi jàǹbá tó pa èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán yóò ṣe ọdún kan gbáko, adájọ́ kankan kò sì láṣẹ láti fi ọdún náà sórí ìwé lásán.

Ti Kennedy ti kọjá. Àwọn òbí Mary Jo gba $90,904 láti ọwọ́ rẹ̀ àti $50,000 láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Wọn kò pè é lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ayé máa sọ pé àwọn ń wá owó ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àwọn ará Massachusetts tún dìbò fún un padà sí sẹ́nétì ní 1970, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 2009. Ipò ààrẹ nìkan ni kò rí gbà: ó du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ Jimmy Carter lọ́wọ́ fún ìdìbò 1980, ìbéèrè afárá náà ń tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú, ó fìdí rẹmi. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìyà gidi nìyẹn. Kí ẹnì kan má di ààrẹ Amẹ́ríkà! Ọ̀pọ̀ wa la ti ń jẹ ìyà yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa.

Ìjọba Massachusetts náà kò kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìndínlógún. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ àríyá ti kú láti oṣù Kejì, kò sì tíì ráyè tún un ṣe.